Aránṣọ àti Bẹ́líìtì

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, títì ni obìnrin náà ti ọkùnrin náà. Kì í ṣe títì eré. Ó já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà bàálù tí èéfín ti ń rú nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin náà ni. Òṣìṣẹ́ inú bàálù ni, ọ̀kan lára àwọn tí èrò máa ń rí pẹ̀lú ẹ̀rín àti ife tíì lọ́wọ́, tí wọ́n á sì rò pé tíì náà ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Bẹ́líìtì ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bí ọba bá wọ bàálù tí kò de bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀, Bẹ́líìtì á dúró tì í, á máa rẹ́rìn-ín, títí ọba á fi dè é. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bàbá rẹ̀ gan-an ti ń fi pè é nílé.

Ọ̀sán gangan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni táyà rẹ̀ kan bẹ́, ni iná bá sọ lábẹ́ apá ọ̀tún. Awakọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Bẹ́líìtì kọ́kọ́ yọjú wo ìta láti ojú gíláàsì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn, ó rí i pé iná kò sí lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó tó ṣí i. Rọ́bà gígùn tí èrò máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wú jáde.

"Ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ fò, ẹ yọ̀." Ó ń pariwo rẹ̀ léraléra. Ohùn tó fi ń sọ ọ́, bàbá tó bí i kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀.

Èrò ń fò, wọ́n ń yọ̀ lọ. Àfi ìgbà tí ọkùnrin gíga kan dé ẹnu ọ̀nà, tó gbé báàgì gbọọrọ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó dúró. Ó dí ọ̀nà pátápátá.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Bẹ́líìtì wí.

"Aṣọ ìgbéyàwó ni," ọkùnrin náà dáhùn, bí ẹni pé ìyẹn ti tó àlàyé. "Ti àbúrò mi obìnrin. Ẹ jẹ́ kí n kàn..."

Kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Báàgì tó bá kọ́ mọ́ rọ́bà yẹn lè fà á ya, ó sì lè gba ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí. Wọ́n jọ fa báàgì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí Bẹ́líìtì tó rí i já gbà. Ó sọ ọ́ sẹ́yìn, ó sì ti ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà kò múra sílẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbalẹ̀, ọrùn ọwọ́ náà sì ṣẹ́.

Kò sí ẹni tó kú lọ́jọ́ náà. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ló gbẹ̀yìn jáde lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wọ́ bàbá arúgbó kan tí èéfín ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Iná wọ inú bàálù lẹ́yìn ìyẹn, ó jẹ àga, ó jẹ ẹrù, ó sì jẹ aṣọ ìgbéyàwó.

*

Kò sí ẹni tó rán an lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ ní kó má lọ, pé ẹni tó bá lọ kí ẹni tó ṣẹ́ lápá, ó ń wá èébú lọ ni. Ó lọ ṣáá.

Ó bá ọkùnrin náà lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti fi báńdéèjì líle di ọwọ́ rẹ̀ láti ìka dé ìgúnpá. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo àlejò tí kò mọ ìgbà tó máa lọ.

"Ẹ kú ewu, sà," ni Bẹ́líìtì wí.

Ọkùnrin náà yí ojú padà kíá. "Mo mọ ohùn yìí. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi ẹrù sílẹ̀."

"Èmi ni."

"Ẹ sì tì mí."

"Mo tì yín."

"Ẹ wá bẹ̀ mí nìyẹn?"

"Rárá o. Mo wá kí yín ni. Ó dùn mí pé ọwọ́ yín ṣẹ́, ó sì dùn mí nítorí aṣọ náà. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún tì yín."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò bá a sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ń bọ̀. "Ẹ fa àga kan. Gbogbo ẹni tó ń wọlé síbí ló ń purọ́ fún mi pé kí n tó ṣẹ́jú ọwọ́ á ti jinná. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́."

Bẹ́líìtì jókòó. Ọkùnrin náà sọ fún un pé aránṣọ ni òun, pé òun ni òun ń tọ́jú ìyá àti àbúrò òun láti ìgbà tí bàbá ti kú, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni òun fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ ìgbéyàwó náà. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú tó fẹ́ràn. Bẹ́líìtì rí i pé ojú rẹ̀ tutù, pé ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bí ti obìnrin, ó sì bá ara rẹ̀ wí pé kí ló kàn án nínú ìyẹn.

Ibẹ̀ ni ìyá aránṣọ ti wọlé tòun ti fúláàsì oúnjẹ. "Ta nìyí?"

"Ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ni, Mọ́mì."

"Èwo nínú wọn?"

Bẹ́líìtì dìde, ó kúnlẹ̀ kí i. Irọ́ kan wà nítòsí tí ìbá pa, ṣùgbọ́n kò pa á. "Èmi ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mà."

Ìyá gbé fúláàsì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. "Ìwọ lo fi aṣọ ọmọ mi kan bọ iná, o sì ṣẹ́ ọmọ mi kejì lọ́wọ́. Kò burú. O ti kí i. Máa lọ sílé rẹ."

Ó lọ. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àbúrò aránṣọ wọ aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n sáré rà lọ́jà, tí wọ́n fi pínnì há lẹ́yìn kó má bàa já bọ́. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, iwájú ni wọ́n ti yà á.

*

Ilé iṣẹ́ ní kí Bẹ́líìtì sinmi nílé fún ìgbà díẹ̀. Ìsinmi kò bá a lára mu. Ó ń fọ ohun tí kò dọ̀tí, ó ń tún ohun tó wà létò tò. Bàbá rẹ̀, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù kó tó fẹ̀yìn tì, ń wò ó láti orí àga rẹ̀.

"Bẹ́líìtì, o ti nu tábìlì yẹn dé ibi tí igi rẹ̀ wà. Jáde lọ síbì kan."

Ó mú síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tí etí rẹ̀ ya lọ́jọ́ iná, ó béèrè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà títí ó fi rí i. Yàrá kan ni, máṣíìnì méjì, tábìlì gígùn kan, àti àjákù aṣọ nílẹ̀ bí ewé. Aránṣọ jókòó sáàárín gbogbo rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ so rọ̀ lọ́rùn.

"Ẹ wá ran aṣọ lọ́dọ̀ mi?" ó béèrè, ó gbé ọwọ́ tó ṣẹ́ sókè. "Ẹ kò rí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni?"

"Ẹ júwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi á fi ọwọ́ tèmi ṣe é."

Bẹ́líìtì rò pé yóò lé òun. Aránṣọ na abẹ́rẹ́ sí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Etí síkẹ́ẹ̀tì náà gbà wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé aránṣọ ń tú gbogbo ohun tí Bẹ́líìtì bá rán. "Ojú abẹ́rẹ́ yín ń rìn bí ọ̀mùtí," ó wí. "Ẹ wò ó, ó fẹ́ wọ ilé onílé." Bẹ́líìtì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì nù ún, ó rí i pé omi náà kò fẹ́ dúró. Láti ọjọ́ iná, kò tíì sunkún. Aránṣọ ti àjákù aṣọ funfun kan sí i lórí tábìlì, ó sì kọjú sí ibòmíràn títí ó fi parí ẹkún rẹ̀.

Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ó di ojoojúmọ́. Bí aránṣọ bá fi ọwọ́ òsì fa ṣọ́ọ̀kì sórí aṣọ, Bẹ́líìtì á di aṣọ mú kó má yẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, òun ló ń fi téèpù wọ̀n wọ́n. Lọ́jọ́ kan aránṣọ fẹ́ kó fún òun ní sísọ́ọ̀sì, ó sì ní, "Bẹ́líìtì, bá mi mú un wá." Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pé "ẹ" ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó mú un padà.

"Kí ni o máa ń rò," aránṣọ bi í lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "nígbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra, tí ẹ jókòó sórí àga kékeré yín, tí ẹ kọjú sí wa, tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

Kò sí ẹni tó bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Mo máa ń rò pé bó bá bàjẹ́ nísinsìnyí, kí ni màá kọ́kọ́ ṣe. Ilẹ̀kùn wo ló sún mọ́ mi, báwo ló ṣe ń ṣí. Kí ni màá sọ. Ta ni kò ní lè dá rìn. Ta ni apá rẹ̀ le tó lè ràn mí lọ́wọ́."

"A rò pé ẹ̀ ń wo ojú wa lásán ni."

"Ojú yín là ń wò. Nítorí ẹ̀yin náà la ṣe ń wò ó."

"Èmi wá ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ẹgbẹ́ wo ni o fi mí sí?"

Bẹ́líìtì fa ẹ̀wù tó ń lọ̀ nà. "Lára àwọn tó máa ràn mí lọ́wọ́ ni. Apá rẹ gùn."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bẹ́líìtì kò lè rẹ́rìn-ín dénú. Ohun kan wà tí kò sọ fún un. Bàbá arúgbó tó wọ́ jáde gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn aránṣọ gan-an ló dúró sí nígbà tí àwọn méjèèjì ń fa báàgì mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni èéfín dé bá a. Ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Bẹ́líìtì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì ti pinnu pé ọkùnrin tó ti pàdánù aṣọ, tó ti pàdánù ọwọ́, kò tún gbọ́dọ̀ ru ìyẹn kún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò há wọn mọ́ ṣọ́ọ̀bù ni aránṣọ sọ ọ́ jáde. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti gbìyànjú kí n má nífẹ̀ẹ́ rẹ nítorí Mọ́mì, kò bọ́ sí i. Bí o kò bá wá, n kì í mọ ohun tí mò ń gé."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Bẹ́líìtì wí. "Láti ilé ìwòsàn ni. Ojú ló kàn ń tì mí, ta ló ń ti ènìyàn kó tó fẹ́ ẹ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tí kò ní bẹ́líìtì, ṣòkòtò rẹ̀ á já bọ́ lójú ọ̀nà."

Nígbà tí aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìyá rẹ̀, aṣọ gbígbẹ ni ìyá ń ká, ó sì ń ká a lọ. "Nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé," ó wí. "Kí àbúrò rẹ máa wò ó nídìí oúnjẹ ọdún lọ́dọọdún. Rárá. Bó o bá fẹ́ ẹ, n kò ní bú u. N kò kàn ní mọ̀ ọ́n ni."

Bàbá Bẹ́líìtì náà mi orí. "Ìyá ọkọ tó ń bú ni, a lè bẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́ yìí, ta la fẹ́ bẹ̀? Ọmọ náà wù mí o, n kò purọ́. Ẹ kàn ní sùúrù."

*

Ọjọ́ tí wọ́n máa tú báńdéèjì, àwọn méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Inú aránṣọ dùn bí ọmọdé. Wọ́n ń kọjá lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ohùn kan pe Bẹ́líìtì láti orí àga onítáyà.

"Ọmọ mi. Ìwọ lo gbé mi jáde."

Bàbá arúgbó náà ni. Tíṣà ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kíláàsì ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ ń gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Bẹ́líìtì kúnlẹ̀. Ó fẹ́ kí i kíákíá kí wọ́n sì máa lọ, ṣùgbọ́n bàbá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ní kò burú, mi ò kúkú fẹ́ sáré. Ṣé o mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín? Ọkùnrin kan dúró síwájú mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Mò ń rò ó nínú mi pé kí n tì í, ojú sì ń tì mí. Èéfín ń bọ̀, ojú ń tì mí. Ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ ju." Ó wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè sí aránṣọ. "Ọkọ rẹ nìyí?"

Aránṣọ tẹ̀ ba kí bàbá náà.

Wọ́n tú báńdéèjì. Dókítà ní kó máa na ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìta ni wọ́n dé, lábẹ́ igi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, kí aránṣọ tó sọ̀rọ̀.

"O mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀yìn rẹ ló wà."

Aránṣọ ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti rù, tó funfun. "Gbogbo ìgbà tí mò ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣàwàdà pé o tì mí. O ń wò mí bí aláìsàn tí wọn kò fẹ́ kó mọ àrùn tó ń ṣe é."

"Mi ò fẹ́ kó dùn ọ́."

"Ó yẹ kó dùn mí. Tèmi ni."

Ó lọ. Bẹ́líìtì kò tẹ̀ lé e. Ó ti kó àwọn ènìyàn jáde nínú iná, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dá ẹnì kan dúró.

*

Nígbà tí àkókò ìsinmi rẹ̀ pé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, níbi tí bàálù onípákó wà, kó tún ṣí ilẹ̀kùn, kó tún pariwo, kó tún fò. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó wọ bàálù gidi, tó gbé ọwọ́ lé irin ilẹ̀kùn, ni ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró títí wọ́n fi dẹ́kun.

Ó dúró síwájú èrò, ó fi bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì hàn wọ́n, ó fi bí wọ́n ṣe ń fa ìbòmú wálẹ̀ hàn wọ́n, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ bo ti ara rẹ̀ kó tó bo ti ọmọ. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn. Obìnrin kan ń wo fóònù. Nígbà kan rí, ìyẹn kì í dùn ún. Lọ́jọ́ yìí, ó lọ bá ọkùnrin oníwèé-ìròyìn náà, ó tẹ̀ ba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín wà, kì í ṣe iwájú." Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó sì pa ìwé ìròyìn náà dé.

Kò rí aránṣọ. Kò pè é. Bàbá rẹ̀ kò bi í léèrè, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ tó fẹ́ràn, oúnjẹ tí bàbá náà kò mọ̀ ọ́n sè.

Ọjọ́ kan tó wà nílé tó ń sá aṣọ ni ó rí ìyá aránṣọ tó ń ti ilẹ̀kùn ọgbà wọlé. Bẹ́líìtì kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́.

"Dìde, aṣọ á dọ̀tí," ìyá wí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Ọmọ mi kò mọ̀ pé mo wá. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá tíṣà fún mi. Ó lọ bá bàbá náà nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ni òun dí ọ̀nà. Ṣé o mọ ohun tí bàbá ní? Ó ní òun ti mọ̀, pé ojú rẹ̀ ti sọ ọ́ fún òun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kó jókòó, ṣé ó mọ dráfù ta. Wọ́n ti ń ta á láti ìgbà náà. Bàbá ń na án."

Bẹ́líìtì kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín.

"Mo ti ń dì ọ́ sínú," ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ní o ju aṣọ ọmọ mi sínú iná. Nígbà tó wá sọ ti bàbá yẹn, mo jókòó, mo rò ó. Ká ní ó dúró díẹ̀ sí i níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ laṣọ. Èmi wá jókòó, mò ń sunkún aṣọ, ọmọ sì wà níwájú mi tó ń jẹun." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, bí ẹni pé òógùn ni. "N kò wá nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ o. N kò tíì mọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo wá nítorí pé lánàá ló ran ṣòkòtò kan, ó ran ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Oníṣòkòtò ní ṣé síkẹ́ẹ̀tì lòun bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni. Lọ wò ó. Èmi á bá ọ sá aṣọ yòókù."

*

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí. Aránṣọ dìde nígbà tó rí i, téèpù já bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

"Mo bínú sí ọ," ó wí. "Nígbà tó yá, ara mi ni mo ń bínú sí, mo sì ń lò ọ́ bojú. Máa bínú sí mi náà, ó tọ́ sí mi."

"Mo pa á mọ́ nítorí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Bẹ́líìtì wí. "Ṣùgbọ́n mi ò bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí n pa á mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe tí kò dáa."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Aránṣọ ṣa téèpù nílẹ̀, ó ń ká a mọ́ ìka rẹ̀ tó ṣì le díẹ̀. "Nǹkan mìíràn wà. Mi ò fẹ́ kí o máa fò mọ́. Dúró ná, jẹ́ kí n parí rẹ̀. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Mo rí ohun tí o jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mi ò lè ní kí o má jẹ́ ẹ mọ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, kó má lọ di pé èmi náà ń pa nǹkan mọ́. Ẹ̀rù á máa bà mí. Lójoojúmọ́ tí o bá lọ, ẹ̀rù á bà mí."

Bẹ́líìtì wọlé, ó gba téèpù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ọwọ́ mi gbọ̀n lára ilẹ̀kùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní bàbá mi."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, tòun ti ẹ̀rù mi?"

"Bí ìwọ náà bá lè gbé tèmi mọ́ ọn."

"Olólùfẹ́ mi," ó wí, ó sì gbé iwájú orí lé iwájú orí rẹ̀. "A ó wá àyè fún un. Ilé tí a ó jọ gbé kò kúkú kéré."

Wọn kò fi ìgbéyàwó náà falẹ̀. Gbogbo ayé rò pé aránṣọ á ran aṣọ kan tí ẹnu kò ní lè ròyìn. Kò ran nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ló mú Bẹ́líìtì lọ sí ọjà, àwọn méjèèjì sì ra aṣọ kan tó bá a mu, wọ́n jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà, wọ́n sì padà délé bí ọ̀rẹ́. Bàbá tíṣà wá tòun ti ikọ́ rẹ̀, ó jókòó sí ìlà iwájú. Bàbá Bẹ́líìtì sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ, ó ní eruku ni. Ìyá ọkọ jókòó sí ààyè rẹ̀, ó ń ṣe dáadáa sí gbogbo ènìyàn. Ó pe ìyàwó ní "ìyàwó wa," bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ìyàwó, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Bẹ́líìtì kọ́kọ́ lọ sí ìrìn àjò tó gbà á ní ọjọ́ púpọ̀, bàálù kan tẹ̀ lé òmíràn, ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn èrò mu tíì, wọ́n de bẹ́líìtì, wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì gbàgbé ojú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló padà délé. Ó bá ọkọ rẹ̀ tó ti sùn lọ lórí tábìlì oúnjẹ, ó fi apá rọrí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó fẹ́ lọ fọwọ́ kàn án nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, tó gbé ìka lé ètè.

"Má jí i," ìyá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Láti ìgbà tí o ti lọ, kò sùn. Ìgbà tí o fóònù pé ẹ ti balẹ̀ ló tó sùn. Wá jẹun."

Bẹ́líìtì bọ́ bàtà rẹ̀ kó má bàa dún. Wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, àwọn méjèèjì, lórí àpótí kékeré méjì. Ìyá bu oúnjẹ fún un, ó fi ẹran sí i, ó tún wo àwo náà, ó tún fi ẹran sí i. Bẹ́líìtì jẹ ẹ́ tán. Láti ibẹ̀ wọ́n ń gbọ́ bí aránṣọ ṣe ń mí.

Ìyá dìde, ó kó àwo, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ó sì ṣí omi.

"Èmi náà kò sùn," ó wí.